Dáìsì AR fún lúdò ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ Àìkú: mẹ́ta tí mo dán wò, ọ̀kan tí mo kọ́ fúnra mi

Dáìsì méjì tó sọnù ló bẹ̀rẹ̀ ọ̀rọ̀ yìí. Nínú ilé tí mò ń gbé l'Abẹ́òkúta, a máa ń ta lúdò nírọ̀lẹ́ ọjọ́ Àìkú lábẹ́ igi máńgòrò ẹ̀yìnkùlé. Bàbá onílé ni ọ̀gá wa nídìí ẹ̀. Àwa yòókù ni ayálégbé mẹ́ta, pẹ̀lú àbúrò mi obìnrin tó bá wá lo ìsinmi. Dáìsì á fò kúrò lórí tábìlì, á yí wọ inú ewé gbígbẹ, a ó sì máa wá a títí ilẹ̀ á fi ṣú. Lọ́sẹ̀ tí méjèèjì wọlẹ̀ lọ pátápátá, àbúrò mi ní, "Ẹ̀gbọ́n mi, ṣebí áàpù wà fún un."

Áàpù wà lóòótọ́. Èèyàn á tẹ ojú fóònù, nọ́ńbà á jáde. Bàbá onílé ò gbà. Wọ́n ní kí nọ́ńbà kàn yọ lójú fóònù kò yàtọ̀ sí kí ẹnì kan jókòó sínú yàrá kó máa pe nọ́ńbà fún àwọn láti ojú fèrèsé. Wọ́n fẹ́ rí dáìsì tó ń yí, tó ń ta, tó ń dúró. Bí mo ṣe dé ìdí àwọn áàpù AR (augmented reality) nìyẹn: kámẹ́rà á máa fi tábìlì wa gan-an hàn lójú fóònù, áàpù á wá ya dáìsì sórí tábìlì náà bíi pé ó wà níbẹ̀. Mo dán mẹ́ta wò, ọ̀fẹ́ ni mẹ́tẹ̀ẹ̀ta. Nígbà tó yá, mo jókòó kọ́ tèmi. Gbogbo ohun tó ṣẹlẹ̀ ni mo kọ sísàlẹ̀ yìí, kí ẹni tó bá fẹ́ ṣe irú ẹ̀ má baà jìyà ibi tí mo ti jìyà.

Ọ̀rọ̀ fóònù ná

Kí ẹ tó gba áàpù kankan sílẹ̀, ẹ wo fóònù yín. Lórí Android, ARCore tí Google ṣe ló ń gbé ọ̀pọ̀ áàpù AR ró. Ẹ̀dà 1.0 rẹ̀ jáde ní oṣù kejì ọdún 2018. Lórí iPhone, ARKit ni, èyí tó bá iOS 11 wọlé lọ́dún 2017, láti iPhone 6s sókè. Android 7.0 ni ARCore ń béèrè ó kéré tán, àmọ́ ìyẹn nìkan ò tó. Fóònù gbọ́dọ̀ wà lára àwọn tí Google ti yẹ̀ wò tí wọ́n sì fọwọ́ sí, torí pé kámẹ́rà rẹ̀ àti àwọn ohun tó fi ń mọ̀ pé wọ́n ń gbé òun kiri gbọ́dọ̀ bára mu dáadáa. Ọ̀pọ̀ fóònù tówó ẹ̀ ò wọ́n ni kò tiẹ̀ ní gyroscope, ìyẹn ohun tó ń sọ fún fóònù pé wọ́n ti yí òun sọ́tùn-ún tàbí sósì.

Nínú fóònù márùn-ún tó wà nídìí lúdò wa, méjì péré ló gbà á: tèmi àti ti àbúrò mi. Ti Bàbá onílé ò ní gyroscope. Mo sọ fún wọn, wọ́n ní kò burú, tèmi làwọn á máa lò.

Áàpù mẹ́tẹ̀ẹ̀ta

Èkíní ò pẹ́ lọ́wọ́ mi. Ó ń ṣí kámẹ́rà lóòótọ́, ṣùgbọ́n àwòrán tí kámẹ́rà ń mú wá kàn dúró lẹ́yìn bíi kátẹ́ẹ̀nì ni. Bí mo bá gbé fóònù sápá ọ̀tún, dáìsì á bá a lọ sápá ọ̀tún. Ó lẹ̀ mọ́ ojú fóònù bí ẹrẹ̀ ṣe ń lẹ̀ mọ́ gíláàsì ọkọ̀. Ohun kan tó dáa nípa rẹ̀ ni pé ó ṣiṣẹ́ lórí fóònù Bàbá onílé.

Èkejì ní kí a tẹ àwòrán kan sórí bébà, kí a gbé e ka orí tábìlì. Bí kámẹ́rà bá ti rí àwòrán náà, dáìsì á yọ lórí ẹ̀. Ní ọ̀sán gangan, kò sí èyí tó dúró gírí tó o. Dáìsì ò mì, kò yọ̀ kúrò ní àyè ẹ̀. Àmọ́ lúdò jẹ́ eré ọlọ́wọ́ púpọ̀. Ẹnì kan á na ọwọ́ láti gbé ọmọ lúdò rẹ̀, ọwọ́ á bo bébà, dáìsì á pòórá kí a tó kà á. Atẹ́gùn tún máa ń gbé bébà náà.

Ẹ̀kẹta ló wù mí jù. Kò fẹ́ bébà kankan. Ó máa ń wá ibi pẹrẹsẹ fúnra rẹ̀. Dáìsì rẹ̀ ní òjìji, òjìji yẹn ló sì ń jẹ́ kí ojú gbà pé nǹkan wà lórí tábìlì. Ìṣòro ibẹ̀ ni pé kò rí tábìlì wa. Mo ń gbé fóònù yí tábìlì ká bí ẹni tó ń fín tùràrí, kò rí nǹkan kan. Bó bá sì jàjà rí i, dáìsì á bẹ̀rẹ̀ sí í rìn díẹ̀díẹ̀ lọ sétí, láìsí ẹni tó fọwọ́ kàn án.

Mo fẹ́ ṣàlàyé ìdí ẹ̀, torí ibẹ̀ ni mo ti rí ojútùú tó dùn mọ́ mi jù nínú iṣẹ́ yìí. Fóònù ò mọ ohun tí wọ́n ń pè ní tábìlì. Àwọn ojú àmì tó hàn ketekete ló ń wá nínú àwòrán kámẹ́rà: igun, ilà tó gé, ibi tí àwọ̀ ti yí padà lójijì. Bí ẹ bá ń gbé fóònù kiri, á máa wo bí àwọn àmì yẹn ṣe ń sún, á fi wé ohun tí gyroscope ń sọ fún un, ibẹ̀ ni á ti mọ bí òun ṣe jìnnà sí wọn tó. Tábìlì tiwa, oníke funfun ni. Ó ń dán, kò ní ilà, kò ní àbàwọ́n. Kò sóhun tí fóònù lè dì mú lórí ẹ̀. Ohun tó tún wá burú ni dídán: àwòrán ewé máńgòrò tó ń hàn lára rẹ̀ bíi nínú dígí máa ń sún bí mo bá sún, fóònù á wá rò pé àmì gidi ni.

Mo ní kí wọ́n bá mi wá aṣọ. Màmá onílé mú àgékù àdìrẹ ẹlẹ́kọ kan jáde, Ìbàdàndùn, èyí tó ní òpó gbọ̀ngàn Màpó nínú, tó sì jẹ́ pé àpótí kọ̀ọ̀kan ní àwòrán tirẹ̀. A tẹ́ ẹ sórí tábìlì, a fà á kó nà dáadáa. Kí n tó mí lẹ́ẹ̀mejì, áàpù ti rí tábìlì. Ìlà funfun tí wọ́n fi ẹ̀kọ fà, lórí aró dúdú, kún fún igun, bẹ́ẹ̀ igun ni fóònù ń wá. Dáìsì dúró síbi tó balẹ̀ sí. Mo rìn yí tábìlì ká, mo bẹ̀rẹ̀ wò ó láti ẹ̀gbẹ́, kò kúrò níbẹ̀. Láti ọjọ́ yẹn, aṣọ yẹn ò kúrò nídìí lúdò wa mọ́.

Ẹ jẹ́ kí n fi èyí kún un fún ẹni tó bá fẹ́ fi àdìrẹ ṣe àwòrán fún irú áàpù èkejì: ẹ má ṣe é. Ohun tó dáa fún wíwá ibi pẹrẹsẹ ò dáa fún dídá àwòrán kan mọ̀. Google ní ohun èlò kékeré kan, arcoreimg, tó ń fún àwòrán ní máàkì láti 0 dé 100, wọ́n sì ní kí a lo èyí tó bá tó 75 sókè. Wọ́n tún kìlọ̀ pé àwòrán tí nǹkan kan náà ń padà yọ lára rẹ̀ léraléra ò dára. Ankara àti ọ̀pọ̀ àdìrẹ, àwòrán kan náà ló ń padà yọ ní gbogbo ara wọn, fóònù ò ní mọ èyí tó ń wò. Fọ́tò ojú èèyàn tàbí ìwé ìpolówó dáa jù fún ìyẹn, kó sì fẹ̀ tó sẹ̀ǹtímítà 15.

Ohun tí Bàbá onílé rí

Pẹ̀lú aṣọ yìí, mo rò pé a ti bọ́, pé áàpù kẹta la ó máa lò. A ta á títí dé bí ìdajì eré. Bàbá onílé gbé ojú sún mọ́ fóònù, wọ́n dákẹ́, wọ́n ní kí n tún un jù. Mo tún un jù. Wọ́n ní, "Ìwọ náà wò ó. Ó ti dúró tán kó tó wá yí padà."

Òótọ́ ni. Dáìsì á yí, á balẹ̀, á wá fi ìwọ̀n bíńtín yí ara rẹ̀ sí ojú mìíràn. Ohun tí mo rí i sí ni pé áàpù yẹn ti mú nọ́ńbà kí dáìsì tó kúrò lọ́wọ́, yíyí tí à ń rí wá di ẹ̀ṣọ́ lásán. Kò túmọ̀ sí pé ó ń rẹ́ni jẹ. Nọ́ńbà tí kọ̀ǹpútà mú lọ́nà yẹn lè gún régé ju ti dáìsì onípákó lọ. Ṣùgbọ́n ẹni tó ń ta lúdò fẹ́ kí ohun tí ojú òun rí jẹ́ ohun tó ṣẹlẹ̀ gan-an, mo sì gbà pé ó tọ́ sí i. Mo pinnu lálẹ́ ọjọ́ yẹn pé màá kọ́ èyí tó jẹ́ pé bó bá ṣe balẹ̀ nìyẹn.

Ìkọ́ àkọ́kọ́

Unity ẹ̀dà 2022, ohun èlò tí wọ́n fi ń kọ́ géèmù, ni mo lò, pẹ̀lú AR Foundation, torí kóòdù kan náà lè bá ARCore àti ARKit ṣiṣẹ́. Mo ra dáìsì tuntun lọ́jà kí n lè wọ̀n ọ́n: mìlímítà 16 ni ìbú rẹ̀. Mo fún tèmi ní ìwọ̀n kan náà, mo gbé e sórí fóònù, mo jù ú.

Ó gba inú tábìlì kọjá lọ sísàlẹ̀.

Mo jù ú bí ẹ̀ẹ̀mẹwàá. Bí mo bá rọra jù ú, á dúró. Bí mo bá jù ú pẹ̀lú agbára, á wọlẹ̀. Ìdí ni pé Unity kì í wo dáìsì ní gbogbo ìgbà. Bó ṣe wá láti ilé, ìgbà 50 ló ń ṣírò láàárín ìṣẹ́jú àáyá kan. Dáìsì tó ń sáré mítà 2 láàárín ìṣẹ́jú àáyá kan á ti rin sẹ̀ǹtímítà 4 kí ìṣírò tó kàn tó dé, bẹ́ẹ̀ ìbú rẹ̀ ò tó sẹ̀ǹtímítà 2, tábìlì tí AR yà náà ò sì nípọn rárá. Ní ìṣírò kan, dáìsì wà lókè. Ní èyí tó tẹ̀ lé e, ó ti wà nísàlẹ̀. Kò sígbà kankan tí Unity rí i pé ó kan tábìlì. Mo yí ètò ìkọlura dáìsì sí Continuous, èyí tó ń yẹ gbogbo ọ̀nà tó gbà kọjá wò, mo sì fi àpótí tó nípọn, tí ojú ò rí, sábẹ́ tábìlì. Ìyẹn tán.

Èyí tó tẹ̀ lé e: dáìsì ò ta. Ó ń balẹ̀ gbì bí òkèlè ẹ̀bà tó bọ́ lọ́wọ́ ọmọdé. Ọjọ́ méjì ni mo fi ń yí ètò tó ń sọ bí ara rẹ̀ ṣe máa ta tó padà, kò gbọ́. Ibi tí mo wá rí i sí ni ìlà kan tó ń jẹ́ Bounce Threshold nínú ètò Unity. Ó wà lórí 2, ìyẹn ni pé ohun tí eré ìkọlura rẹ̀ ò bá tó mítà 2 láàárín ìṣẹ́jú àáyá kan ò ní ta rárá. Dáìsì tó já bọ́ láti sẹ̀ǹtímítà 10, mítà 1.4 ni eré rẹ̀ nígbà tó bá máa kan tábìlì. Fún àwọn nǹkan ńláńlá inú géèmù ni wọ́n ṣe gbé e síbẹ̀. Mo sọ̀ ọ́ kalẹ̀ sí 0.1, dáìsì bẹ̀rẹ̀ sí í ta bó ṣe yẹ.

Kíkà ojú dáìsì

Mo gbé e lọ fún Bàbá onílé ní ọjọ́ Àìkú tó tẹ̀ lé e. Wọ́n kọ́kọ́ rí ohun tí mi ò rí: mo ti lẹ àwọn ojú dáìsì mọ́ ọn lódìlódì. Ojú tó kọ ẹ̀yìn síra wọn gbọ́dọ̀ pé 7: 1 pẹ̀lú 6, 2 pẹ̀lú 5, 3 pẹ̀lú 4. Tèmi ní 3 pẹ̀lú 5. Mo tún un ṣe níbẹ̀.

Lẹ́yìn náà ni àbúrò mi ṣe ohun tó gba àfiyèsí. Ó mú bírò, ó ń sàmì sílẹ̀ bí a ṣe ń jù ú, títí a fi jù ú ní ìgbà 120. Bí dáìsì bá gún, ojú kọ̀ọ̀kan yẹ kó jáde ní nǹkan bí ìgbà 20. Ohun tó kọ sílẹ̀ nìyí: 1 jáde lẹ́ẹ̀mọ́kànlá, 2 jẹ́ 18, 3 jẹ́ 17, 4 jẹ́ 19, 5 jẹ́ 21, 6 jẹ́ 34.

Ọ̀nà kan wà láti mọ̀ bóyá èyí kọjá ohun tí orí lè gbé wá. Karl Pearson, onímọ̀ ìṣirò, ló gbé e jáde lọ́dún 1900, ó sì fi àkọsílẹ̀ dáìsì dán an wò: Raphael Weldon ti ka ohun tó jáde nígbà tí wọ́n ju dáìsì méjìlá pọ̀ ní ìgbà 26,306, ó sì fi èsì rẹ̀ ránṣẹ́ nínú lẹ́tà lọ́dún 1894. Dáìsì onípákó àti ti egungun náà ń tẹ̀, torí ihò tí wọ́n gbẹ́ sí ojú 6 ju ti ojú 1 lọ. Bí a ṣe ń ṣe é nìyí: ẹ mú iye tó jáde, ẹ yọ iye tó yẹ kó jáde kúrò nínú rẹ̀, ẹ fi ohun tó kù sọ ara rẹ̀ di púpọ̀, ẹ fi iye tó yẹ pín in. Ẹ ṣe é fún ojú mẹ́fẹ̀ẹ̀fà, ẹ rò ó pọ̀. Dáìsì tó gún lè kọjá 11.07 ní ìgbà kan péré nínú ogún. Tèmi jẹ́ 14.6.

Mo wo 6 tó pọ̀ jù àti 1 tó kéré jù, ojú méjì tó kọ ẹ̀yìn síra wọn, mo mọ ibi tó ti ṣẹlẹ̀. Ojú 6 ni mo máa ń gbé sókè ní ìbẹ̀rẹ̀ ìjù kọ̀ọ̀kan. Unity ẹ̀wẹ̀ sì ti fi ààlà sí bí nǹkan ṣe lè yára yí tó: 7, èyí tí kò fi bẹ́ẹ̀ ju àyíká kan lọ láàárín ìṣẹ́jú àáyá kan. Dáìsì mi ò rí àyè yí tó, ó ń padà sí ojú tó ti kúrò. Mo gbé ààlà yẹn lọ sí 50, tó jẹ́ nǹkan bí àyíká mẹ́jọ, mo sì jẹ́ kó bẹ̀rẹ̀ láti ìdúró tí ẹnikẹ́ni ò lè mọ̀, pẹ̀lú Random.rotationUniform. A tún jù ú ní ìgbà 120: 22, 17, 19, 23, 21, 18. Ìṣírò rẹ̀ jẹ́ 1.4. Mo mọ̀ pé 120 ò tó láti rí ìtẹ̀sí tó kéré gan-an, ṣùgbọ́n ìtẹ̀sí tí ojú Bàbá onílé lè rí ti lọ.

Gbígbọ̀n

Mo rò pé iṣẹ́ ti tán. Ìka ni a fi ń ju dáìsì títí di ìgbà yìí: ẹ fà á lójú fóònù, á fò. Bàbá onílé ní, "Dáìsì tí ọwọ́ mi ò gbọ̀n, mi ò lè ní èmi ni mo jù ú." Wọ́n fẹ́ máa gbọn fóònù bí wọ́n ṣe ń gbọn ife.

Èyí ló le jù nínú gbogbo rẹ̀, torí gbígbọ̀n àti AR ò bára wọn rẹ́. Bí fóònù bá ti ń mì jìgìjìgì, àwòrán kámẹ́rà á fọ́, gbogbo ojú àmì tó ń dì mú á yọ̀ mọ́ ọn lọ́wọ́, tábìlì á sọnù. Nígbà àkọ́kọ́ tí Bàbá onílé gbọ̀n ọ́n, dáìsì balẹ̀ sí nǹkan bí ìdajì mítà lókè aṣọ, ó ń fò lójú òfuurufú.

Ojútùú rẹ̀ ni kí a pín ìjù sí méjì. Bí gbígbọ̀n bá bẹ̀rẹ̀, dáìsì á kúrò lórí tábìlì, á wá dúró mọ́ ojú fóònù bíi pé ó wà nínú àtẹ́lẹwọ́, ìró rẹ̀ á sì máa dún. Ní àsìkò yẹn áàpù ń ṣírò agbára gbígbọ̀n nìkan, kò béèrè ibi tí tábìlì wà. Bí ọwọ́ bá rọ̀, áàpù á dúró de ARCore kó tún rí aṣọ náà, kì í pẹ́ torí aṣọ kan náà ni. Ìgbà yẹn ni á wá tú dáìsì sílẹ̀ pẹ̀lú agbára tó kà. Ẹni tó gbọ̀n ọ́n gidigidi á rí dáìsì tó fò jìnnà. Ẹni tó rọra gbọ̀n ọ́n á rí èyí tó yí wẹ́rẹ́.

ARCore máa ń sọ ìdí tí ojú rẹ̀ fi ṣú: ìmọ́lẹ̀ ò tó, wọ́n ń mì í jù, tàbí kò rí àmì. Mo fi Yorùbá kọ wọ́n sójú fóònù: "Ẹ tan iná sí i", "Ẹ rọra", "Ẹ tẹ́ aṣọ". Màmá onílé tí kì í ta lúdò náà ń kà á sókè báyìí.

Àwọn tí ò rí ojú fóònù

Ẹni tó di fóònù mú nìkan ló ń rí dáìsì, àwọn yòókù ń wo aṣọ. Mo rò ó láti so fóònù méjèèjì pọ̀ kí wọ́n jọ rí dáìsì kan náà, ó ṣeé ṣe, àmọ́ ó ń fẹ́ dátà, íntánẹ́ẹ̀tì ẹ̀yìnkùlé wa ò sì ṣeé gbára lé. Àbúrò mi ka nọ́ńbà láti oókan dé ẹẹ́fà sínú fóònù, áàpù á sì fi ohùn rẹ̀ pe èsì bí dáìsì bá dúró: "Ẹẹ́ta, ẹẹ́fà." Ẹni tí ò bá gbà, kó gba fóònù kó wò ó, dáìsì ṣì wà níbi tó balẹ̀ sí.

Ẹ̀gbẹ́ bọ́ọ̀dù, lórí aṣọ, la ń jù ú sí. Bó bá bọ́ sórí bọ́ọ̀dù, á gba inú ọmọ lúdò kọjá bíi pé kò sí nǹkan níbẹ̀, torí fóònù mi ò mọ̀ pé wọ́n wà.

Ibi tó kù sí

Bátìrì: kámẹ́rà àti ìṣírò ń jẹ ẹ́, fóònù á sì gbóná. Mo ti jẹ́ kí AR máa sinmi nígbà tí ẹni tó kàn bá ń ro ibi tó máa rìn sí.

Alẹ́: bí ilẹ̀ bá ṣú tí wọ́n sì ti mú iná lọ, àtùpà alágbára oòrùn kan ò tó. Méjì tó, bí a bá gbé wọn sí ẹ̀gbẹ́ méjì ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀, kí òjìji ọwọ́ má baà bo aṣọ. Ọ̀kan la ní nísinsìnyí. Bàbá onílé ti ní àwọn máa mú ìkejì bọ̀ láti ọjà.